Gbèsè Tí Ó Wà Lábẹ́ Òrùlé: Ìwé Ìṣirò Owó Àwọn Tí Ń Kọ́ Ilé Tà

 Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dúró láti sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìṣirò owó. Àwíjàre mi kò ju ọ̀rọ̀-ìṣe kan lọ, èyíinì ni "jẹ". Yorùbá a máa jẹ èrè, a sì máa jẹ gbèsè. Ẹnu kan náà ni a fi ń jẹ méjèèjì. Ẹni tí ó ń kọ́ ilé tà, tí kò ya gbèsè kúrò lára èrè nínú ìwé rẹ̀, yóò jẹ gbèsè, yóò sì rò pé èrè ni òun jẹ.

Òkè-Àdó yìí ni mo ń gbé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra ilé kékeré kan lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kan. Ó ṣèlérí pé bí ohunkóhun bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan, òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ kò tí ì dá tí òrùlé fi ń jò, tí ògiri yàrá kan sì là. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí mo pè é, kò jiyàn, kò sì sá. Ó ní òun ti fi èrè ọdún tí ó kọjá ra ilẹ̀ mìíràn, kò sì sí owó lọ́wọ́ òun mọ́. N kò pè é ní olè. Ìwé rẹ̀ ni ó tàn án jẹ.

Oríṣi gbèsè méjì ni ìwé náà fi pa mọ́. Èkíní ni ìnáwó àjẹsílẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: a ti jẹ ẹ́, a sì fi í sílẹ̀ láìsan. Bí púlọ́ńbà bá parí iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá, tí kò sì mú ìwé owó rẹ̀ wá títí di oṣù Kejì, inú ìwé ọdún tí ó ṣiṣẹ́ ni owó náà gbọ́dọ̀ wà. Ní ayé àtijọ́, ológò a máa dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀; ṣùgbọ́n gbèsè ti wà kí ológò tó dé.

Èkejì ni gbèsè ìlérí àtúnṣe. Èyí ṣòro díẹ̀, nítorí a kò mọ ilé tí yóò jò, a kò mọ ọjọ́, a kò sì mọ iye. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí a ń pè ní IAS 37, tí ó jáde ní 1998, béèrè ohun mẹ́ta: ṣé ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni ó bí ojúṣe náà, ṣé ó dájú ju kò dájú lọ pé owó yóò jáde, ṣé a lè fi òye tí ó ṣeé gbára lé díwọ̀n iye rẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbèsè. Láti 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ìpín wọn wà lórí ọjà ní Nàìjíríà ti ń tẹ̀lé irú ìlànà àgbáyé bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní agbaṣẹ́ṣe kan ta ilé mẹ́wàá ní mílíọ̀nù 40 náírà ìkọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 400 wọlé, mílíọ̀nù 340 jáde. Lójú rẹ̀, ó jèrè mílíọ̀nù 60. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tí kò tí ì san fún púlọ́ńbà àti àwọn tí ó fa iná jẹ́ mílíọ̀nù 12. Ìrírí rẹ̀ àtẹ̀yìnwá sì fi hàn pé, bí a bá pín in dọ́gba, àtúnṣe ń gba mílíọ̀nù kan lórí ilé kọ̀ọ̀kan: mílíọ̀nù 10 nìyẹn. Èrè tòótọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 38. Bí òrùlé kan bá jò lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, tí àtúnṣe rẹ̀ gba 700,000 náírà, inú mílíọ̀nù 10 náà ni a ó ti yọ ọ́. Èrè ọdún tuntun kò ní í fara gbá a.

Ààlà wà fún un. Àgbàrá Ògùnpa tí ó wó ilé ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, èyí tí àwọn ènìyàn pè ní Omíyalé, kì í ṣe àléébù ọwọ́ ọ̀mọ̀lé. Ìlérí àtúnṣe iṣẹ́ kò kó irú rẹ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ bu iye gbèsè sókè kí a lè fi èrè pa mọ́.

Ẹni tí ó ń kọ́lé sórí ilẹ̀ ara rẹ̀ lè dá díẹ̀ dúró nínú owó agbaṣẹ́ṣe, nígbà púpọ̀ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, títí àkókò àtúnṣe yóò fi pé. Ẹni tí ó ra ilé tí a ti kọ́ parí kò ní irú àǹfààní yìí; ó ti san gbogbo owó rẹ̀. Ìwé agbaṣẹ́ṣe nìkan ni ó kù tí ó lè gbèjà rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé kì í ṣe àpò. Kíkọ gbèsè sílẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ kan sínú àpótí, ó kàn ń sọ fún olówó pé, "Má jẹ èyí." Ó kù sí ọwọ́ rẹ̀ láti fi owó gidi sápá kan.

Òfin Hammurabi ní Bábílónì ti pa á láṣẹ, ní nǹkan bí 1750 kí a tó bí Jésù, pé bí ògiri tí ọ̀mọ̀lé mọ kò bá dúró dáadáa, owó ara rẹ̀ ni yóò fi tún un mọ. Ohun tí olùṣirò owó fi kún un ni pé kí ọ̀mọ̀lé ti ka owó náà sí gbèsè ní ọdún tí ó ta ilé, kí ògiri tó lanu.