Láti Kábúrétọ̀ dé Ínjẹ́ṣọ̀n: Ọkọ̀ Bedford, Etí Mẹkáníìkì àti Èdè Iṣẹ́ ní Àkókó

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnì. Ọ̀rọ̀ èdè ni mo bá dé ọgbà mẹkáníìkì. Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé ọ̀rọ̀ èdè náà ni mo bá jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún bíi tèmi kò ní í gbàgbé bọ́lẹ̀kájà, Bedford onípákó tí ó ń kó kòkó, iṣu àti èrò láti Ọ̀wọ̀ gba Ọ̀bà lọ sí Àkùngbá àti Ìkàrẹ́. Bí ó bá ń gun òkè, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò fò sílẹ̀ pẹ̀lú ìtì igi lọ́wọ́, yóò máa sáré tẹ̀ lé táyà, kí ó lè fi dá a dúró bí ẹ́ńjìnì bá kú. A sì máa kú. Àwa èrò á ní ẹrù ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kábúrétọ̀ ni ó jẹ̀bi.

Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà ni kábúrétọ̀ gbójú lé. Afẹ́fẹ́ yìí ń gba ọ̀fun tóóró kan kọjá. Bí ó ti ń sáré lọ ni ó ń fa epo jáde láti ojú ihò kékeré tí a ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Inú abọ́ kékeré tí fúlótì ń ṣọ́ ni epo náà wà. Bí ọkọ̀ bá kọjú sókè, epo inú abọ́ yóò wọ́ sẹ́yìn, jẹ́ẹ̀tì kò sì ní rí ìwọ̀n tí ó yẹ. Bí oòrùn bá sì mú, epo inú páìpù a máa hó, a sì di oru tí pọ́ǹpù kò lè fà. Nígbà náà ni awakọ̀ yóò fi aṣọ tútù wé pọ́ǹpù, tí gbogbo wa yóò sì jókòó sábẹ́ igi.

Ínjẹ́ṣọ̀n kò ní abọ́, kò ní fúlótì. Pọ́ǹpù oníná mànàmáná ni ó ń ti epo wá tagbáratagbára, tí nọ́sù sì ń tú u bí ìrì. Àpótí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní bíréénìbọ́ọ̀sì ni ó ń pàṣẹ fún un. Àpótí yìí ń béèrè bí omi ẹ́ńjìnì ti gbóná tó, bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ tó, àti bí ọ́síjìn tí ó ṣẹ́kù nínú èéfín ti pọ̀ tó. Ohun tí ó ń wá ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí ìwọ̀n epo 1, bí a bá gbé wọn lé òṣùwọ̀n. Bosch ti Jámánì ti ṣe irú rẹ̀ fún Volkswagen láti 1967.

Ǹjẹ́ a lè gbé e sí Bedford àtijọ́ tí ń lo pẹtiróòlù? A lè ṣe é. Orí ìjókòó kábúrétọ̀ gan-an ni a ó dè é mọ́. Ohun tí ó yí i ká ni iṣẹ́ wà. Táǹkì tí ó ti dípẹtà yóò dí nọ́sù ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀. A ó fa páìpù kejì tí yóò máa dá epo padà. A ó yọ dínámò, a ó fi altánétọ̀ rọ́pò rẹ̀, nítorí bíréénìbọ́ọ̀sì kò fẹ́ iná tí ń ṣe ségesège. Àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé orí pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n dè mọ́ ara ọkọ̀. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ yí èyí padà yóò jó àpótí rẹ̀ kí ó tó jáde lọ́gbà. Ibo ni a ó ti rí àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí? Lára tòkunbọ̀ tí ó ti kú ni. Wọlé Ṣóyínká kò ṣì í wò nígbà tí ó fi ìsọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ tí ó forí sọ sínú eré rẹ̀, The Road, ní 1965.

Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, owó lítà pẹtiróòlù kan fò láti iye tí kò tó 200 náírà sí 488 ní Èkó. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ yóò fẹ́ dín epo kù. N kò bá a jà.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́jú ọkọ̀ náà? Ọ̀gá tí ó mọ kábúrétọ̀ a máa fi etí ṣiṣẹ́. Ó ní ẹ́ńjìnì ń wúkọ́, ó ní ebi epo ń pa á, ó ní ó ti mu epo yó. Ọmọṣẹ́ tí ó jókòó tì í gbọ́ ọ, ó sì kọ́ ọ. Lára ọkọ̀ ìgbàlódé, P0171 ni ebi epo ń jẹ́, ojú ẹ̀rọ ni a sì ti ń kà á, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá yóò wá gbé ọkọ̀ lọ fún rẹ́wáyà, òun àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró níta.

Ẹ̀gbọ́n mi kan gbé ọkọ̀ onínjẹ́ṣọ̀n lọ fún mẹkáníìkì nígbà kan. Ọkùnrin náà tú gbogbo rẹ̀ dànù, ó fi kábúrétọ̀ sí i. Ó pẹ́ tí mo fi ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ ní kíláàsì. Mo jẹ̀bi. Ó dá ọkọ̀ náà padà sí èdè tí òun lè kà ni.

Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá, tí àwa olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí di òní. Àwa ni a ṣe é fún. Kí ẹ̀ka wa jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ọgbà báyìí, kí a ṣe ti ínjẹ́ṣọ̀n. Mo ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo bi ọ̀gá mẹ́ta léèrè ohun tí wọn yóò pe ẹ̀rọ tí ń yẹ èéfín wò. Ọ̀kan ní imú. Èkejì ní ahọ́n. Ẹ̀kẹta ní kí n lọ bi rẹ́wáyà.