Oore-ọ̀fẹ́ Kì í Ṣe Èènì: Ìrẹ̀lẹ̀ Onígbàgbọ́ Nínú Ìgbésí-ayé Àjàyí Crowther

 

Ọ̀rọ̀ méjì tí kì í wọ́n lẹ́nu àwa Onígbàgbọ́ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: ìrẹ̀lẹ̀ àti oore-ọ̀fẹ́. Èrò mi ni pé a kò lè mọ ohun tí ìrẹ̀lẹ̀ jẹ́ bí a kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí oore-ọ̀fẹ́ jẹ́. Ẹni tí ó bá gbé ara lé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ní tòótọ́ kì í gbéra ga sí ọmọnìkejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í sọ ara rẹ̀ di ẹrú ènìyàn.

1. Oore, ọ̀fẹ́ àti èènì

Nínú Bíbélì Yorùbá, oore-ọ̀fẹ́ ni a fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì náà, charis. Ọ̀rọ̀ méjì ni a so pọ̀. Láàrin Yorùbá, oore kì í dá rìn. Ẹni tí a ṣe lóore gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kí ó sì dúpẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò tún padà wá dúpẹ́ oore àná. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà a ní bí ìgbà tí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bí ọjọ́ bá sì ti ń gorí ọjọ́, a óo máa retí pé kí òun náà ṣe oore padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ tí a so mọ́ oore yìí yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹni tí ó fi fúnni kò díye lé e. Ẹni tí ó gbà á kò ní ohun tí ó lè fi san án. Ọpẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ti kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé èènì. Nígbà tí ìyá oníwóróbo tàbí elégàárì bá wọn ọjà fún wa tán, a óo ní kí ó ṣe èènì, yóò sì bu díẹ̀ lé e. Inú wa a máa dùn sí èènì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rajà nìkan ni ó lè bèèrè rẹ̀. Mo ṣe àkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ka oore-ọ̀fẹ́ sí èènì. A gbààwẹ̀, a san ìdámẹ́wàá, a kọ ìwà búburú sílẹ̀: ìyẹn ni owó ọjà. Lẹ́yìn náà ni a wá na ọwọ́ pé kí Ọlọ́run bu díẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ń ronú báyìí kò lè ní ìrẹ̀lẹ̀, bí ó ti wù kí ó kúnlẹ̀ pẹ́ tó. Oníbàárà ni ó ka ara rẹ̀ sí, oníbàárà a sì máa bínú bí èènì bá kéré.

2. Àríyànjiyàn àtijọ́ kan

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nínú Ìjọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, Pelagius kọ́ àwọn ènìyàn pé ẹ̀dá lè fi agbára ìfẹ́-inú ara rẹ̀ pa òfin Ọlọ́run mọ́. Augustine (354–430), tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní Àríwá Áfíríkà, kò gbà fún un. Ó ní ìfẹ́ láti ṣe rere pàápàá, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ní ọdún 418, àpéjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi.

Mo mọ̀ pé Yorùbá kan lè dìde kí ó bi Augustine pé, àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí kì í tan ni jẹ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àgbẹ̀. Òun ni ó ṣán oko, òun ni ó kọ ebè, òun ni ó gbin iṣu. Kò sí ọ̀lẹ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, òjò kì í ṣe tirẹ̀, kò sì ra ilẹ̀ tí ń mú iṣu ta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ tí ó bá gbọ́n yóò ṣiṣẹ́ kára, yóò sì mọ̀ pé iṣẹ́ òun kọ́ ni ó rọ òjò.

3. Ọmọ tí a fi pààrọ̀ ẹṣin

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó tú Bíbélì sí èdè wa mọ ohun tí ó ń jẹ́ pé kí a díye lé ènìyàn. Ní ọdún 1821, ogun kó Òṣogùn, a sì kó Àjàyí, ọmọ bí ọdún 12 tàbí 13, lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì gba ọmọ padà. Níkẹyìn, wọ́n kó o wọ ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró.

Kí ni ọmọ yìí san? Kò ní kọ́bọ̀. Òun gan-an ni ọjà. Kò gbààwẹ̀, kò tilẹ̀ tíì mọ orúkọ Jésù, nítorí pé ọdún 1825 ni ó tó ṣe ìrìbọmi. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní ọdún 1837, ó rántí ọjọ́ tí a kó o lẹ́rú gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ibi tí òun wá kọ́ láti kà sí ọjọ́ ìbùkún. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Àwọn tí ó kó o lẹ́rú kò ṣe é lóore kankan. Ibi ni wọ́n ṣe, ibi náà ni ó sì jẹ́ títí dòní. Ọlọ́run tí ó wá a kàn nínú ibi náà ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi kò rò pé ó yani lẹ́nu pé Ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù, ìwé tí ó sọ̀rọ̀ jùlọ nípa oore-ọ̀fẹ́, wà lára àwọn tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ tú. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1850.

4. Ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ojo

Nígbà tí Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S., fẹ́ kí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù, ó lọ́ra gidigidi kí ó tó gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ọdún 1864, a yà á sí mímọ́ ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Àwọn ènìyàn sábà máa ń yin ìrẹ̀lẹ̀ tí ó fi lọ́ra yìí. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí ó le jù wà níwájú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó owó iṣẹ́ ìhìnrere lórí odò Ọya, tí a ṣe ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun dìde láti dá àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọ tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà dúró lẹ́nu iṣẹ́, lójú bíṣọ́ọ̀bù wọn. Bàbá ti lé ní ọmọ 80 ọdún. Ó kọ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ọdún 1891. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ìjọ Niger Delta, lábẹ́ ọmọ rẹ̀ Dandeson, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkóso ara wọn.

Ǹjẹ́ kíkọ̀ yìí lòdì sí ìrẹ̀lẹ̀? Yorùbá ní ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Ènìyàn lè na gbọọrọ sílẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ wà lórí òkè. Ó sì lè dúró ṣánṣán kí ọkàn rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ẹni tí a ti fi pààrọ̀ ẹṣin rí, tí Ọlọ́run sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kò lè jẹ́ kí ènìyàn kan tún máa díye lé àwọn tí Ọlọ́run gbà bí ó ti gba òun. Bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó sẹ́.

5. Ìparí

Nítorí náà, ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe kí ẹni tí ó mọ̀wé máa sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, tàbí kí ẹni tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn máa fi í pamọ́. Òótọ́ ni ìrẹ̀lẹ̀: kí a mọ ibi tí ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ti wá. Ní ọgbà ẹ̀kọ́ bí irú èyí, níbi tí oyè ti pọ̀, ó rọrùn láti gbàgbé olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní A, B, D, òbí tí ó ta aṣọ rẹ̀ kí a lè kàwé, àti Ẹni tí ó fún wa ní ẹ̀mí tí a fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a ṣiṣẹ́ bí àgbẹ̀, kí a sì dúpẹ́ bí ẹni tí òjò rọ̀ fún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dúró níwájú Ọlọ́run bí oníbàárà tí ń retí èènì.