Irúgbìn Ìparí Ọyẹ́: Ọ̀rọ̀ lórí Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

 

Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé, nínú Ẹgbẹ́ tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, oyè àti èdè, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ àti ewéko inú ìkòkò ni mo gbé wá lónìí. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi léèrè pé: àṣà wo ni ó sún mọ́ ènìyàn ju ohun tí ó ń jẹ lọ? Bí a bá mọ oríkì ìdílé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí a kò sì mọ ibi tí irúgbìn ọbẹ̀ alẹ́ wa ti wá, ìdajì ogún péré ni ó wà lọ́wọ́ wa.

Àkókò tí a wà yìí ni ó mú ọ̀rọ̀ náà yẹ. Ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Láti Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, eruku bo ewé máńgòrò àti kajú, koríko ọ̀dàn ti gbẹ, omi kànga sì ti lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ilẹ̀ báyìí yóò rò pé kò sí iṣẹ́ títí òjò yóò fi dé. Àṣìṣe ni. Láàrin oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni òjò ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ata sì ń fẹ́ bí ọ̀sẹ̀ 6 nínú ìkòkò kí ó tó tó ohun tí a ń ṣí lọ sí oko. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ náà padà sẹ́yìn, ẹ ó rí i pé oṣù kejì ni ó yẹ kí a ti gbìn ín. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ilé. Àwọn baba wa mọ ewéko tí ń bá ènìyàn gbé. Ọ̀dúndún wà lẹ́nu ọ̀nà, rínrín ń hù lẹ́bàá àmù, pèrègún dúró ní ojúbọ àti ní ààlà ilẹ̀. Nígbà tí ọ̀làjú dé, ọ̀pọ̀ nínú wa hú pèrègún dànù, a ní igi ìbọ̀rìṣà ni. Ẹ wá gbọ́: pèrègún yìí kan náà, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Dracaena fragrans, ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń fi owó rà, tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò nínú yàrá àlejò wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sí àwọn ìbátan ọjá ìkòokò wa. Ohun tí a sọ nù ni àjèjì ṣà, tí ó sì fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìtọ́jú wọn ní ìgbà ọyẹ́ kò le. Ojú ilẹ̀ ìkòkò a máa tètè gbẹ, onílé á sì máa da omi lé e láìsinmi títí gbòǹgbò yóò fi jẹrà. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ náà: bí ó bá gbẹ nísàlẹ̀, ẹ bu omi sí i, bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù nu eruku kúrò lára ewé, nítorí ewé ni ó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ìlú òyìnbó lè tẹ̀lé òfin yìí ní ìgbà òtútù, nítorí ẹ̀rọ tí ń mú ilé wọn gbóná a máa gbẹ afẹ́fẹ́ yàrá bí ọyẹ́ ti ń ṣe nílé. Kí wọ́n gbé ìkòkò sún mọ́ fèrèsé, kí wọ́n sì dín omi kù.

Ó wá kan irúgbìn. Kí a tó gbìn ín, ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ẹ mú ẹyọ 10, ẹ fi wọ́n sáàárín aṣọ tútù, kí ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí 8 bá hù, irúgbìn rere ni. Bí 3 péré bá hù, ẹ wá òmíràn. Ti ewédú yàtọ̀, nítorí èèpo rẹ̀ le. Àwọn ìyá wa a máa di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ fẹ́lẹ́, wọn a rì í bọ omi tí ń hó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, wọn a sì yọ ọ́ kíákíá. Àwọn olùwádìí ti dán an wò, wọ́n sì rí i pé òtítọ́ ni: omi gbígbóná ni ó ń jẹ́ kí èèpo náà là.

Fún ata àti tòmátì, ẹ wá ìkòkò tàbí àwo tí ó ti lù. Ẹ po ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n 2, ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí ó ti jẹrà ìwọ̀n 1, àti iyanrìn ìwọ̀n 1. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, ẹ máa dín ìbòji náà kù díẹ̀díẹ̀, kí oòrùn lè mọ́ wọn lára. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kéré púpọ̀. Ẹ po ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn. Ilá, ègúsí àti igbá kò fẹ́ kí a ṣí gbòǹgbò wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró de òjò, kí a gbìn wọ́n sí ààyè wọn.

Ẹnìkan lè wí pé: "Omi tí a óò mu kò tó, ẹ ní kí a máa bomi rin ata." Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́, tí a ń dà sójú àgbàrá, ó tó fún àwo kan láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Èmi náà ti ṣìṣe rí. Òjò kan rọ̀ ní òpin oṣù kejì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òórùn ilẹ̀ dùn mọ́ mi, ni mo bá kó ata àti tòmátì mi jáde lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ 3 kọjá kí òjò mìíràn tó rọ̀, gbogbo wọn sì kú. Àwọn tíńtìntín tí mo fi sílẹ̀ nínú ìkòkò, tí mo rò pé wọn kò dára tó, ni mo rí gbìn lọ́dún náà. Láti ìgbà náà, ìdajì ni mo ń gbé jáde nígbà tí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìdajì yòókù a dúró de ẹ̀kẹrin.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Ìyá àgbà kì í ra irúgbìn. Ilá tí ó bá so jù lọ, wọn kì í jẹ́ kí a ká a. Wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbó lórí igi, wọn a sì so ó kọ́ sókè ààrò kí èéfín lé kòkòrò sẹ́yìn. Lónìí, inú agolo ni ọ̀pọ̀ ti ń rí irúgbìn. Èyí tí a fi irú méjì pọ̀ ṣe a máa so gidigidi lọ́dún kìíní. Ṣùgbọ́n bí a bá gbin ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ kì í jọ ìyá wọn. N kò bú u. Ohun tí mo ń wí ni pé, bí a bá jẹ́ kí tiwa parun nítorí rẹ̀, ọdọọdún ni a óò máa tọrọ ohun tí a ti ní rí, ọjọ́ tí irúgbìn kan bá sì parun pátápátá, owó kò lè rà á padà.

Ìjọba ti ṣe díẹ̀. Ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ àti èso wà láti ọdún 1975, èyí tí ń pa irúgbìn mọ́ sì wà ní Moor Plantation láti ọdún 1987. Yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún 1990, a sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àká ìjọba kò lè mọ ata tí ìyá ìyá yín fi ń se ọbẹ̀. Àwọn tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ti fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn gbé orúkọ ìlú náà ga. Bí kò bá sí ẹni tí ó gbin igbá, kí ni wọn yóò fín?

Nítorí náà, ohun 3 ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí olúkúlùkù wa gbin àwo kan kí oṣù yìí tó parí. Èkejì, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ má jẹ́ kí sìmẹ́ńtì bo gbogbo agbo ilé; ẹ dá ibì kan sí, kí ẹ sì pàṣẹ kí a so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí òun ni ọ̀tá ọgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka Ọ̀yọ́ àti ẹ̀ka Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìgò irúgbìn, kí a kọ orúkọ rẹ̀, agboolé tí ó ti wá àti oṣù tí a ká a sí i lára, kí a sì máa ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ní ìpàdé. Bí ó bá parun ní ilé kan, a óò rí i ní ilé kejì.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà, irúgbìn ni ọmọ tuntun náà.  Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ bá wa láyọ̀.