Ìbátan Ewúro ní Róòmù

Róòmù ni mo ti kọ́kọ́ jẹ puntarelle, ẹ̀fọ́ kíkorò kan, nígbà òtútù. Obìnrin ọlọ́jà kan la ọ̀mùnú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó rẹ ẹ́ sómi tútù títí ó fi ká, ó wá fi aáyù, ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀, ọtí kíkan àti òróró ólífì pò ó. Bí mo ṣe tọ́ ọ wò, ewúro ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Abájọ! Ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko ka àwọn méjèèjì mọ́.

Mo wá puntarelle títí ní Lọ́ńdọ̀nù, n kò rí i rà. Mo bá gbin irúgbìn rẹ̀ sínú ìkòkò ní oṣù Keje. Kò kánjú rárá. Lánàá, mo tú ewé rẹ̀, ọ̀mùnú ti yọ láàárín: ó funfun, inú rẹ̀ sì ṣófo bí ìyẹ́ adìẹ. Omi tútù ti wà nílẹ̀.