Gìtá Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ọrùn Ọwọ́ Rẹ̀ Ti Ṣẹ́ Rí

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kò tóbi lójú ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣubú lórí ọ̀kadà rí, tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba ilẹ̀ kí orí má baà fọ́, tí ọwọ́ náà wú, tí ó fọ̀, tí ó sì jinná, tí ó wá di ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà kí ó tó gbé gìtá lé itan, tí ọrùn ọwọ́ náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ bí ẹni pé àná ni ó ṣẹ́, òun ni ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àwọn baba wa ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Bí ó ti rí lára awọ tí a ń wò, bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú egungun àti iṣan tí a kò rí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá jà fún. A máa ń yin ìfaradà ní ilẹ̀ wa, a sì jàre, nítorí ẹni tí kò lè fara da nǹkan kò lè tọ́ ọmọ, kò lè joyè, kò sì lè bá ará ilé gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n ìfaradà yìí kan náà ni ó ń ba ọwọ́ onígìtá jẹ́, nígbà tí ó bá gbà pé bí òun bá ti ń pa eyín pọ̀ tí òun sì ń lù ú lọ, ìrora yóò rẹ̀ dànù, ọwọ́ yóò sì tẹríba fún gìtá. Èmi wí pé gìtá ni ó yẹ kí ó tẹríba.

Egungun wẹ́wẹ́ 8 ni Ẹlẹ́dàá tò sí ọrùn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ní ìlà méjì. Bí ẹ bá na àtàǹpàkò yín sókè, ẹ ó rí kòtò kékeré kan ní ìdí rẹ̀, níbi tí àwọn àgbà ń da aáṣáà sí kí wọ́n tó fà á sí imú. Abẹ́ kòtò náà gan-an ni egungun kan wà tí ó sábà máa ń ṣẹ́ nígbà tí ènìyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ gba ilẹ̀. Àrékérekè egungun yìí pọ̀. Ó lè ṣẹ́ kí fọ́tò X-ray ọjọ́ kìíní má rí i, èyí ni ó fi jẹ́ pé dókítà tí ó mọṣẹ́ a máa ní kí aláìsàn padà wá lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ sì ń gba ìhà ìka wọlé, ó ń lọ sí ìhà apá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ṣẹ́ ní àárín, ìdajì tí ó súnmọ́ apá lè ṣàìrí ẹ̀jẹ̀ gbà, kí ó sì kú síbẹ̀ nígbà tí olúwarẹ̀ ń sọ fún ará ilé pé ọwọ́ òun kàn rọ́ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ń to egungun ní ilẹ̀ wa, àwọn tí ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ nítorí aláìsàn, tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí adìẹ náà bá fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa ni wọ́n ń tú igi lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n egungun kékeré tí ó sá pamọ́ sáàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ báyìí, kò sí àtẹ́lẹwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n fọwọ́ bà tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìhà àtẹ́lẹwọ́, ọ̀nà tóóró kan wà tí iṣan 9 tí ń fa ìka ń gbà kọjá, tí iṣan kan tí ń gbé ìmọ̀lára sì há sí wọn láàárín. Bí egungun tí ó ti ṣẹ́ bá jinná ní wíwọ́, ọ̀nà náà lè fún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ènìyàn a wá máa jí lóru nítorí pé àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ti kú tipiri, a máa gbọn ọwọ́ nínú òkùnkùn kí ìmọ̀lára lè padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí a dán nǹkan kan wò níbi tí a jókòó sí yìí. Ẹ na ọwọ́ òsì síwájú, ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ wọnú dé ibi tí ó lè dé, kí ẹ wá di ẹ̀ṣẹ́. Mo rí i pé ojú ọ̀pọ̀ yín ti fà ro. Ẹ̀ṣẹ́ kò dì dáadáa, ẹ̀yìn ọwọ́ sì ń fà. Ẹ wá na ọrùn ọwọ́ náà gbọọrọ, kí ẹ tún ẹ̀ṣẹ́ dì. Agbára dé, àbí kò dé? Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí onígìtá tí ó so gìtá rẹ̀ sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìdodo (nítorí ó wuyì lójú àwọn wúndíá tí ń wòran) ni ti àkọ́kọ́ yẹn: ó fẹ́ fi ìka ìlábẹ̀ kan ṣoṣo tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ igi, ọrùn ọwọ́ ti ká, agbára ti dín, ó wá ń fi ipá dí ohun tí ó dín náà. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò ṣẹ́ rí lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Ẹni tí ó ti ṣẹ́ rí kò lè ṣe é fún ogún ìṣẹ́jú. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ta gìtá ní ọ̀nà àtijọ́ ti ilẹ̀ Spain fi ń gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí kékeré, tí wọ́n sì ń gbé gìtá lé itan náà, kí ọrùn gìtá lè kọjú sókè kí ọrùn ọwọ́ sì lè nà.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bàjẹ́ kò lè di ọ̀gá, ẹ bi í bóyá ó gbọ́ nípa Django Reinhardt onígìtá, Iná-jó-o-kò-jó-orin-inú-rẹ̀, ọmọ àwọn Romani alárìnkiri, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Belgium ní ọdún 1910. Ní ọdún 1928, iná ràn mọ́ òdòdó tí wọ́n fi celluloid ṣe, èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń tà, nínú ilé onígi tí wọ́n ń gbé ní ẹ̀bá Paris. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jóná tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà fẹ́ gé e, ó kọ̀. Ìka òrùka àti ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ká wọnú, wọn kò nà mọ́ títí ó fi kú ní 1953. Joseph àbúrò rẹ̀ gbé gìtá wá bá a lórí ibùsùn. Kò fi ipá na ìka méjèèjì wọ̀nyẹn. Ó ń fi wọ́n tẹ okùn tínrín méjì níbi tí wọ́n bá lè dé, ó sì fi ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín sáré lórí igi láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí òun àti Stéphane Grappelli onífayolíìnì fi dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Paris ní 1934. Bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Les Paul, onígìtá ará Amẹ́ríkà, ńkọ́? Ọkọ̀ rẹ̀ já sísàlẹ̀ ní Oklahoma ní oṣù kìíní ọdún 1948, ìgúnpá ọ̀tún rẹ̀ fọ́ yángá, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì sọ fún un pé apá náà kò ní ká, kò sì ní nà mọ́. Ó ní kí wọ́n tò ó ní kíká, ní ìwọ̀n tí yóò fi lè gbá gìtá mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ti Tony Iommi ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ọmọ ọdún 17 ni í ṣe ní 1965 nígbà tí ẹ̀rọ tí ń gé irin pẹlẹbẹ ní Birmingham gé ṣóńṣó ìka àárín àti ìka òrùka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún yìí ni ó fi ń tẹ okùn. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ni ó gbé àwo orin Django wá fún un kí ó má baà sọ̀rètí nù. Ọmọkùnrin náà yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi ṣe fìlà fún ìka méjèèjì, ó fi awọ bò ó, ó sì yọ okùn gìtá kúrò, ó fi okùn bánjò tí ó tínrín rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó tún rẹ ohùn gìtá sílẹ̀ kí okùn lè dẹ̀, ohùn wúwo tí ó tibẹ̀ jáde sì di àmì ẹgbẹ́ rẹ̀, Black Sabbath.

Ìṣirò wà nínú ohun tí ó ṣe yìí, ó sì tọ́ kí a mọ̀ ọ́n. Bí a bá rẹ okùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n irin kan nínú àwọn irin tí ó dábùú ọrùn gìtá, agbára tí ó fi le yóò dín ní nǹkan bí 11 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n irin méjì, ó di nǹkan bí 20. Okùn àkọ́kọ́ tí ó nípọn ní 0.009 íǹṣì kò béèrè ju nǹkan bí ìdá 56 nínú 100 agbára tí èyí tí ó nípọn ní 0.012 ń béèrè. Ẹni tí ó bá rẹ ohùn sílẹ̀ ní irin méjì, tí ó wá fi kápò, ohun tí a fi ń de gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá, dè é ní irin kejì, ohùn rẹ̀ yóò padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́, okùn yóò ṣì dẹ̀, irin yóò sì súnmọ́ ara wọn fún ọwọ́ tí kò lè yà gbàgàdà mọ́. Kí ó tún rántí láti máa tẹ okùn ní ẹ̀bá irin gan-an, kì í ṣe ní àárín méjì.

Ilẹ̀ wa náà kò ṣàìní irú ọgbọ́n yìí. Àwọn atukọ̀ Kru tí wọ́n mú gìtá rin etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń ta á, àwọn onígìtá ìdí ẹmu sì ṣe àmúlò rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ìka kan kò sí níbẹ̀. Nígbà tí Àyìndé Bakare sì gbé gìtá oníná wọ inú jùjú ní 1949, iná gba ẹrù lọ́wọ́ ọwọ́: kò di dandan mọ́ kí ènìyàn gbá okùn kíkankíkan kí ìlù má baà bo ohùn rẹ̀.

Ìrora méjì sì ni kí a má ṣe pa pọ̀. Èyí tí ń mú ọwọ́ le ní àárọ̀, tí ó ń rọ̀ bí ara bá ti móoru, a lè bá a gbé, kí a rọra máa ta gìtá díẹ̀díẹ̀ kí a sì máa sinmi. Èyí tí ó bá pẹ́ di ọjọ́ kejì, tí ń jí ni lóru, tí ń sọ ìka di òkú, tàbí tí ó ń mú kí ife bọ́ lọ́wọ́ ni, dókítà ni kí a gbé e lọ bá, kí a sì sọ fún un pé ọwọ́ náà ti ṣẹ́ rí, nítorí ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ bẹ̀ kí n tó jókòó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú gìtá jùjú, kì í ṣe ẹni tí ń fa orin síwájú tí gbogbo ènìyàn ń ná owó fún ni iṣẹ́ wúwo jù fún ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó di gìtá tẹ́nọ̀ mú ni, tí ń tún gbólóhùn kúkúrú kan náà pa láti ìrọ̀lẹ́ títí ìdájí, tí kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró kí agbo má baà tú. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ẹgbẹ́ yín tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́ rí, ẹ jẹ́ kí òun àti onígìtá kejì máa pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín òru, kí ó má jẹ́ pé ó di ìgbà tí kò lè di kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ mú mọ́ kí ẹ tó béèrè ohun tí ń ṣe é.