Àṣẹ ọ̀sẹ̀ méjì tó tú ìjọ ká ní Ghana: Kí ni kí onígbàgbọ́ ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá dé?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn wa bá àwọn Kristẹni Yorùbá sọ ní Kokomlemle, nílùú Accra, rèé.

Akọ̀ròyìn ni mí, n kì í ṣe pásítọ̀. Ìtàn ni mo mú wá.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan ṣe ìwọ́de ní Accra níbí pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ààrẹ John Mahama fi wá lọ́kàn balẹ̀. Síbẹ̀ àyà ọ̀pọ̀ wa ń já, nítorí a mọ ohun tójú àwọn òbí wa rí.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò ní Ghana. Àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ṣakí fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Ghana ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wọn sí.

Oníṣòwò Yorùbá ló pọ̀ jù nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ghana nígbà náà. Bí wọ́n ṣe lọ, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo. Àmọ́ ìjọ náà kò kú. Àwọn ọmọ Ghana tó ṣẹ́kù ló gbé e ró. Àwọn tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì bá ìjọ tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1855.

Nínú Sáàmù 56, Dáfídì wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá ní Gátì. Kò sọ pé ẹ̀rù kò ba òun. Ọ̀dọ̀ ẹni tóun máa sá lọ nígbà tẹ́rù bá dé ló sọ.

Ẹ má sì gbàgbé oṣù Kìíní ọdún 1983, tí ìjọba Shagari lé àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Nàìjíríà. Ará Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó lé wa lánàá, àwa náà lé e.

Nítorí náà, ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ bá fẹ́ parí, kó lọ tún un ṣe. Àdúrà kò dí èyí lọ́wọ́. Kí ẹ tó fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ wádìí ọjọ́ tí wọ́n ya á. Ará Ghana tẹ́ ẹ jọ ń gbé ojúlé kan náà, ẹ má sá fún un. Tí ara ọmọ rẹ̀ kò bá yá, ẹ lọ kí i.

Ẹ̀rù lè bà wá, àmọ́ kó má kọ́ wa ní ìkórìíra. Olúwa á wà pẹ̀lú wa.