Ọ̀gá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Bẹ̀

Ọ̀rọ̀ tòní kan ilé mi, nítorí náà tí ohùn mi bá ń lọ sókè, ẹ má bínú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fi mọ́tò gbé èrò l'Ékòó, irú èyí tí ẹ máa ń fi fóònù pè. Kò tíì di tirẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan ni, ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ṣí áàpù láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó bá a pé wọ́n ti ti àkáǹtì òun pa. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Wọ́n ní ó rú òfin. Òfin wo? Ọjọ́ wo? Wọn ò sọ.

Nígbà tí màmá wa gbọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé, "Ta ni ọ̀gá yín níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wá àgbàlagbà kan tó máa bá wa bẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màámi, kò sí ọ̀gá tẹ́ ẹ lè bẹ̀. Fóònù ni."

Màmá wa wò ó bíi pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ọ̀gá tí àwọn òbí wa bá ṣiṣẹ́ lè burú títí, ṣùgbọ́n ó ní ilé, ó ní ìyàwó, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń lọ. Ẹ lè rán èèyàn sí i. Mi ò sọ pé ẹ̀bẹ̀ ni ìdájọ́ òdodo o. Ọ̀pọ̀ ló bẹ̀bẹ̀ títí tí wọn ò rí nǹkan kan gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ojú ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Lórí áàpù, ìṣirò inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní algorithm ló ń ṣe ọ̀gá.

Fóònù á dún, awakọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ láti gba èrò tàbí láti kọ̀ ọ́. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi wà ní Yábàá, tí èrò wà ní òdìkejì sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, tí epo tó máa jó débẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tó máa rí. Tó bá kọ̀ ọ́, áàpù á ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Nígbà mìíràn, máàpù á pọ́n ní apá ibì kan, pé owó ti gbéra sókè níbẹ̀. Á sáré lọ, kó tó débẹ̀, pupa ti ṣí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìràwọ̀. (Èmi náà ti fún awakọ̀ kan ní mẹ́ta rí torí pé rédíò rẹ̀ ń pariwo. Ojú ń tì mí báyìí.)

Síbẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ yìí máa ń ní awakọ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, pé òwò ara rẹ̀ ló ń ṣe. Yaseen Aslam àti James Farrar, tí wọ́n ń wa Uber ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Bírítéènì dájọ́ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ àti owó ìsinmi tọ́ sí wọn. Kí ni àwọn adájọ́ wò? Uber ló ń dá iye owó. Awakọ̀ tó bá ń kọ èrò jù, áàpù lè tì í síta fún ìṣẹ́jú 10. Ẹni tí ìràwọ̀ rẹ̀ bá wálẹ̀ ju 4.4 lọ, ìkìlọ̀ á bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ sì lè bọ́. Òwò ara ẹni wo ló rí bẹ́ẹ̀?

Ẹjọ́ kejì ló wá sún mọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi. Uber ti lé àwọn awakọ̀ kan ní Bírítéènì àti Portugal kúrò lórí áàpù, ó ní wọ́n ṣe jìbìtì. Iléeṣẹ́ náà ní èèyàn yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò kí wọ́n tó tì wọ́n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Amsterdam ní ọwọ́ tí èèyàn fi kan ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju àfihàn lásán lọ.

Ẹ ó ní ìlú òyìnbó nìyẹn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí mo fi ka òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 kan náà. Abala 37 ní èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má dá ìpinnu tó lè ṣàkóbá ńlá fún un. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ tí àdéhùn bá gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ níbẹ̀ náà, ó lè ní kí èèyàn dá sí i, kó rojọ́ tirẹ̀, kó sì tako ìpinnu náà.

Bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn, a kọ lẹ́tà. A tọ́ka sí abala 37. A ò bẹ̀bẹ̀. A kàn béèrè ohun tó ṣe, àti orúkọ ẹni tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, èsì dé: a ti rí ọ̀rọ̀ yín gbà, ẹ má ṣe fèsì sí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí. Màmá wa ní, "Ṣé ẹ rí i? Wọ́n yára. Ta ló buwọ́ lù ú?"

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Owó mọ́tò ti ọ̀sẹ̀ yìí, èmi ni mo bá a san án. Tí wọ́n bá dá wa lóhùn, ẹ ó gbọ́ ọ níbí. Ó dìgbà kan ná.